Ìwé Tí Adam Plummer Kọ

Bí ẹ bá bi ará Amẹ́ríkà léèrè òǹkọ̀wé tó fi ìtàn àròsọ bá òwò ẹrú jà, Harriet Beecher Stowe ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ, kò sì jayò pa. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 1851, National Era, ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ kan ní Washington, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìtàn rẹ̀, Uncle Tom's Cabin, jáde díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó di odindi ìwé ní 1852, nǹkan bí ẹ̀dà 300,000 ló tà ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún kan.

Ṣùgbọ́n èmi tí mò ń gbé ní Lanham, ní Prince George's County ní Maryland, Adam Francis Plummer lẹni tèmi. Kò kọ ìtàn àròsọ. Ẹrú ni, ní oko Riversdale, tí ilé ńlá rẹ̀ ṣì dúró ní Riverdale Park títí dòní. Charles Benedict Calvert ló ni oko náà, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ilé ẹ̀kọ́ tó wá di Yunifásítì Maryland sílẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ tiwa náà ti ń gboyè.

Oníwàásù aláwọ̀ dúdú kan ló kọ́ Plummer ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Ní 1841, ọdún tó fẹ́ Emily Saunders, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan sínú ìwé kékeré kan. (Ọdún yẹn kan náà ni Ajayi Crowther, tí àwọn náà ti ṣe ẹrú rí, wà lórí Odò Ọya tí wọ́n ń kọ ìwé ìrìn-àjò tiwọn.) Kò sí ẹkún nínú ìwé Plummer: ohun tó rà, iye tó rà á, ìgbà tí wọ́n bímọ. Ẹni tí òfin kà mọ́ dúkìá olówó rẹ̀ jókòó, ó ń ka dúkìá tara rẹ̀!

Emily kì í gbé lọ́dọ̀ ọkọ. Oko Three Sisters, ní Lanham wa níbí, ló wà, Adam a sì máa wá wo òun àti àwọn ọmọ wọn lópin ọ̀sẹ̀. Olówó ìyá ló ni ọmọ lábẹ́ òfin ìgbà náà. Ní 1851 yẹn gan-an, wọ́n ta Emily àti díẹ̀ nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ní gbàǹjo, wọ́n kó wọn lọ sí Washington, ìlú kan náà tí wọ́n ti ń tẹ ìtàn Uncle Tom. Ní 1855, wọ́n tún kó wọn lọ jìnnà, sí ìtòsí Ellicott's Mills. Wọ́n ta Sarah Miranda, ọmọbìnrin wọn, dé New Orleans. Lẹ́tà ló fi ké sí ìyá rẹ̀ láti ibẹ̀ ní 1861.

Ìkéde òmìnira tí Lincoln ṣe ní 1863 kò kan Maryland, torí Maryland kò sí lára àwọn ìpínlẹ̀ tó ṣọ̀tẹ̀. Ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá 1864 ni ẹrú tó di òmìnira níbí. Ní 1866, Henry, ọmọ Plummer, lọ mú Sarah Miranda wálé. Kò pẹ́ sígbà náà ni ìdílé náà ra ilẹ̀ éékà mẹ́wàá nítòsí Riversdale.

Nellie, ọmọ Plummer, ọ̀kan nínú ìbejì tí wọ́n bí ní 1860, di olùkọ́. Ní 1927 ó tẹ ìwé ìtàn ìdílé wọn jáde, ó pè é ní Out of the Depths, ó sì da àkọsílẹ̀ bàbá rẹ̀ kọ sínú rẹ̀. Ojúlówó ìwé kékeré Plummer pòórá fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn òpìtàn rò pé ó ti sọnù, àṣé ọwọ́ ẹbí ló wà. Ó ti wà ní Anacostia Community Museum ti Smithsonian báyìí.