Ìkòkò Tó Ń Dán Bíi Dígí ní Marcory

Bí ìkòkò alumíníọ̀mù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n fi dà á, kò wuni rárá. Ara rẹ̀ rí ṣákiṣàki, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí eérú. Àmọ́ tó bá fi máa dé iwájú oníbàárà ní Marcory, ní Abidjan, ìyàwó ilé lè fi wo gèlè rẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ẹni tó fẹ́ dán irin bẹ́ẹ̀ á kọ́kọ́ fi sánpépà tó le ha á, irú èyí tí wọ́n kọ 220 sí lẹ́yìn. Ó kan 400, ó kan 800, títí dórí 2000, á sì máa bu omi sí i. Gbogbo ìgbà tó bá pààrọ̀ sánpépà ló gbọ́dọ̀ yí ọwọ́ pa dà: tó bá ń ha á lóròó tẹ́lẹ̀, kó wá máa ha á ní ìbú, títí ìlà àkọ́kọ́ á fi pa rẹ́. Ẹni tó bá kánjú fo ọ̀kan, ẹ̀yìn-ọ̀-rẹyìn ló máa rí i pé ìlà ṣì wà níbẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Lẹ́yìn náà ni á fi aṣọ òwú bu ìpara tí wọ́n fi ń dán irin, á máa fi yí i pó. Aṣọ náà á dú bí èédú. Kì í ṣe ìdọ̀tí o. Irin fúnra rẹ̀ ló ń jẹ díẹ̀díẹ̀.

Fún abọ́ idẹ, ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú kíkúnná tí àwọn ìyá àgbà mọ̀ ti tó.

Ṣùgbọ́n ìkòkò ọbẹ̀ kì í ṣe abọ́ ọ̀ṣọ́. Àjákù ni wọ́n ń yọ́ láti fi dà á, títí kan ẹ̀yà ara mọ́tò àti ọ̀kadà, òjé sì lè wà nínú rẹ̀. Lọ́dún 2017, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde nípa ohun èlò ìdáná alumíníọ̀mù 42 láti orílẹ̀-èdè 10, títí kan Côte d'Ivoire. Wọ́n se omi kíkan nínú wọn fún wákàtí 2. Nínú 42 yẹn, 15 ló tú òjé tó tó máíkírógíráàmù 1, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, sínú ìwọ̀n oúnjẹ ẹnì kan. Òjé máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ pé kò sí ìwọ̀n rẹ̀ tí a mọ̀ pé kò léwu.

Dídán kò lè fi èyí hàn. Ìkòkò tó ní òjé àti èyí tí kò ní, bákan náà ni wọ́n ń tàn. Wáyà ìfọkòkò tó ń mú inú ìkòkò dán sì tún ń ha awọ tín-ín-rín tí alumíníọ̀mù fi ń bo ara rẹ̀ kúrò. Ẹ̀yìn ìkòkò ni kí wọ́n dán bó ṣe wù wọ́n. Inú rẹ̀, kàn-ìn-kàn-ìn rírọ̀ àti ọṣẹ ti tó, kódà bó bá dúdú. Kí ọbẹ̀ tòmátì má sì sùn mọ́jú nínú rẹ̀.

Ìyẹn náà kò ní kí òjé tán. Ìkòkò irin tí kì í dípẹtà ló dáa jù fún ilé tí ọmọ kékeré wà, àmọ́ owó rẹ̀ ga, ìdí nìyẹn tí ìkòkò àjákù ṣì fi ń tà.