Bí kíndìnrín ajá yín bá ń ṣàìsàn: Ẹ má tíì lé e síta, ìtọ́jú wà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní igi gánganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sin ajá mu gan-an ni, pàápàá àwọn tí ajá wọn ti lo bí ọdún méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé. Ìdí ni pé àìsàn kan wà tó máa ń yọ́ kẹ́lẹ́ wọ ara ajá, tí ẹni tó ni ín kò ní fura, àfìgbà tí nǹkan bá ti bàjẹ́ jìnnà. Àìsàn kíndìnrín ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni.

Nínú ọ̀pọ̀ ilé nílẹ̀ Yorùbá, ajá kì í ṣe ẹran ọ̀sìn lásán. Òun ló ń ṣọ́ ilé lóru, òun ló ń bá ọdẹ wọ igbó, òun náà sì làwọn ọmọ ń bá ṣeré lójú agbo ilé. Síbẹ̀, bí irú ajá bẹ́ẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rù, tó ń bì, tó sì ń tọ̀ káàkiri ilé, ohun tí àwọn kan máa ń sọ ni pé ó ti darúgbó, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Àwọn kan á lé e síta, àwọn mìíràn á tà á fún àwọn tó ń pa ajá jẹ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, púpọ̀ nínú àwọn ajá wọ̀nyí ló ṣì lè lo oṣù púpọ̀, kódà ọdún, nínú ìrọ̀rùn, bí ẹni tó ni wọ́n bá tètè mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe.

Iṣẹ́ tí kíndìnrín ń ṣe

Kíndìnrín méjì ni ajá ní, gẹ́gẹ́ bí èèyàn. Àwọn ló ń sẹ́ ìdọ̀tí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n ń dà á sínú ìtọ̀. Àwọn ló ń ṣọ́ omi ara kó má pọ̀ jù, kó má sì dín jù. Wọ́n ń ṣọ́ iyọ̀ ara àti bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ru, wọ́n sì tún ń ran ara lọ́wọ́ láti pèsè ẹ̀jẹ̀ tuntun.

Nínú kíndìnrín ajá kọ̀ọ̀kan, àwọn asẹ́ kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, wọ́n sì tó nǹkan bí 400,000. Èyí tó bá ti bàjẹ́ nínú wọn kì í hù padà. Àwọn tó kù ni yóò máa fi iṣẹ́ kún iṣẹ́, títí ti àwọn náà yóò fi rẹ̀.

Ìdí nìyí tí àìsàn náà fi máa ń fara pamọ́. Ó dìgbà tí nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta asẹ́ wọ̀nyí bá ti bàjẹ́ kí ìtọ̀ ajá tó máa dà bí omi lásán. Ó sì dìgbà tí nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin bá ti lọ kí creatinine, ìyẹn ìdọ̀tí tí àwọn dókítà ẹranko máa ń wò nínú ẹ̀jẹ̀, tó pọ̀ kọjá ààlà. Láti ọdún 2015 ni àyẹ̀wò tuntun kan tó ń jẹ́ SDMA ti wà fún ìlò àwọn dókítà ẹranko, èyí tó máa ń tètè tú àṣírí àìsàn náà ju ti creatinine lọ.

Àwọn àmì tó yẹ kẹ́ ẹ máa wò

Àmì àkọ́kọ́ ni òùngbẹ. Ajá náà á máa mu omi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, á sì máa tọ̀ léraléra. Ẹ̀yin náà lè wọ̀n ọ́n nílé. Bí omi tí ajá ń mu láàárín ọjọ́ kan bá ju 100 mìlílítà lọ fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n, ó ti kọjá bó ṣe yẹ. Èyí túmọ̀ sí pé ajá tó wọ̀n tó 20 kílò kò yẹ kó máa mu ju lítà méjì lọ lóòjọ́. Bí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ wá dókítà ẹranko lọ. Kì í ṣe kíndìnrín nìkan ló ń fa òùngbẹ, ìtọ̀ súgà náà lè fà á, àmọ́ èyí tó wù kó jẹ́, ó yẹ ní yíyẹ̀wò.

Lẹ́yìn òùngbẹ, ajá náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rù, oúnjẹ kò ní wù ú mọ́, irun rẹ̀ kò ní dán mọ́. Bó bá ti wọ̀ ọ́ lára, á máa bì, ẹnu rẹ̀ á máa rùn lọ́nà tó ṣàjèjì, egbò á yọ sí i lẹ́nu, èrìgì rẹ̀ á funfun nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀.

Ohun tó ń fà á

Ọjọ́ ogbó wà lára ohun tó ń fà á, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Àwọn irú ajá kan wà tó jẹ́ pé àbímọ́ ni, bíi English Cocker Spaniel, Bull Terrier àti Shar-Pei. Òkúta inú kíndìnrín àti àrùn ojú ìtọ̀ tí wọn kò tọ́jú dáadáa náà wà níbẹ̀.

Lágbègbè tiwa, ohun méjì ló yẹ ká fi ọwọ́ tó le mú. Àkọ́kọ́ ni àrùn leptospirosis, tí ajá máa ń kó nínú ìtọ̀ eku àti omi adágún tí ìtọ̀ náà bá dà sí. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà, òun ni lẹ́tà L tó wà nínú DHLPP tí àwọn tó ń sin ajá mọ̀ dáadáa, ọdọọdún ló sì yẹ kí ajá máa gbà á. Àrùn yìí lè ran èèyàn, nítorí náà ẹ máa wọ ìbọ̀wọ́ bí ẹ bá ń nu ìtọ̀ ajá tó ń ṣàìsàn. Ìkejì ni eégbọn. Àwọn àrùn tí eégbọn ń gbé kiri lè ba kíndìnrín jẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Oògùn ńkọ́? Èyí tó ń bani nínú jẹ́ jù nìyí, nítorí pé ọwọ́ ẹni tó fẹ́ràn ajá náà gan-an ló máa ń ti wá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń ra abẹ́rẹ́ gentamicin lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì, tí wọ́n á gún ajá wọn láìbi dókítà. Gentamicin lè ba kíndìnrín jẹ́. Ibuprofen àti diclofenac tí èèyàn ń lò fún ara ríro náà lè pa ajá. Panadol kò dára fún un bákan náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni èso àjàrà, yálà tútù tàbí gbígbẹ.

Lọ́dún 2007, oúnjẹ ajá àti ológbò tí wọ́n ti po kẹ́míkà melamine mọ́ ba kíndìnrín ọ̀pọ̀ ẹran ọ̀sìn jẹ́ nílẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ sì kú. Àwọn ilé iṣẹ́ ní láti kó oúnjẹ náà kúrò lórí igbá. Èyí fi hàn pé oúnjẹ inú àpò náà gba kéèyàn máa ṣọ́ ibi tó ti ń rà á.

Ipele mẹ́rin ni àìsàn náà ní

Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa kíndìnrín ẹranko lágbàáyé, tí orúkọ wọn ń jẹ́ IRIS, ti pín àìsàn yìí sí ipele mẹ́rin. Bí creatinine inú ẹ̀jẹ̀ ajá bá wà lábẹ́ 1.4 lórí òṣùwọ̀n mg/dL, àmọ́ tí àmì mìíràn fi hàn pé kíndìnrín ti ní ìṣòro, ipele kìíní ni. Láti 1.4 dé 2.8 ni ipele kejì, 2.9 dé 5.0 ni ipele kẹta, èyí tó bá ju 5.0 lọ ló wà ní ipele kẹrin. Dókítà á tún yẹ ìtọ̀ wò bóyá purotéènì ń jò sínú rẹ̀, á sì wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ru.

Ẹ béèrè ipele tí ajá yín wà lọ́wọ́ dókítà. Òun ló máa sọ irú ìtọ́jú tó yẹ àti bí ẹ ó ṣe máa padà wá fún àyẹ̀wò, bóyá lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà tàbí léraléra jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Oúnjẹ ni oògùn àkọ́kọ́

Lọ́dún 1939, ọkùnrin afọ́jú kan tó ń jẹ́ Morris Frank ń rìn káàkiri ilẹ̀ Amẹ́ríkà pẹ̀lú ajá tó ń fi í mọ̀nà, Buddy lorúkọ ajá náà. Kíndìnrín Buddy dá iṣẹ́ sílẹ̀. Dókítà ẹranko kan, Mark Morris, ló ronú pé bí òun bá yí oúnjẹ rẹ̀ padà, ara rẹ̀ lè yá. Òun àtìyàwó rẹ̀ ń sè é nílé, wọ́n ń dì í sínú ìgò. Nígbà tó di 1948, ilé iṣẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ Kansas bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣe é. Ibẹ̀ ni oúnjẹ pàtàkì fún ajá tó ní àìsàn kíndìnrín ti bẹ̀rẹ̀.

Ìwádìí tó jáde ní 2002 láti Yunifásítì Minnesota fìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Ajá 38 tó ní àìsàn yìí ni wọ́n pín sọ́nà méjì. Wọ́n fún àwọn kan ní oúnjẹ kíndìnrín, wọ́n fún àwọn yòókù ní oúnjẹ tí gbogbo ajá ń jẹ. Ìdajì àwọn tó jẹ oúnjẹ kíndìnrín ló lò tó ọjọ́ 594 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tó jẹ́ pé ọjọ́ 188 ni tàwọn yòókù.

Kí ló wà nínú oúnjẹ náà? Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú rẹ̀ kéré, iyọ̀ rẹ̀ kéré, purotéènì rẹ̀ mọ níwọ̀n, àmọ́ ojúlówó ni. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì gan-an ni ọ̀tá, nítorí kíndìnrín tó ti rẹ̀ kò lè dà á nù mọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan ohun tí a fi ń bọ́ ajá níbí. Eegun, edé, orí ẹja gbígbẹ àti panla kún fún fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Ọbẹ̀ tó ku nínú ìkòkò kún fún iyọ̀ àti Magí. Àlùbọ́sà sì ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, ẹ̀jẹ̀ tí ajá olókùnrùn yìí kò ní tó tẹ́lẹ̀.

Bí apá kò bá ká oúnjẹ tó ń ti òkè òkun wá, ẹ má fi ọwọ́ ara yín pò ó. Ìrẹsì funfun, funfun ẹyin àti ẹran díẹ̀ tí kò ní eegun wà lára ohun tí dókítà lè fi ṣètò oúnjẹ fún un nílé, àmọ́ òun ló máa sọ ìwọ̀n rẹ̀ àti èròjà tó yẹ ní fífi kún un. Díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi yí oúnjẹ náà padà, láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, kó má bàa kọ̀ ọ́.

Omi àti oògùn

Àṣìṣe ńlá kan ni pé àwọn kan máa ń gbé omi kúrò níwájú ajá nítorí pé ó ń tọ̀ jù. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láé. Kì í ṣe omi tó mu ló ń jẹ́ kó tọ̀, ìtọ̀ tó ń tọ̀ ló ń jẹ́ kó mu omi. Bí ẹ bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, omi ara rẹ̀ á gbẹ, ìwọ̀nba kíndìnrín tó kù á sì bàjẹ́ kíákíá. Ẹ gbé omi tó mọ́ sí ibi méjì tàbí mẹ́ta, ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́.

Fún àwọn tí omi ara wọn ń gbẹ ṣáá, dókítà lè kọ́ ẹni tó ni ajá bí yóò ṣe máa fún un ní omi dírípù sábẹ́ awọ, nílé. Oògùn tún wà tó ń dá èébì dúró, èyí tó ń mú kí oúnjẹ wù ú, èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, àtèyí tó ń dí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì lọ́wọ́ nínú ìfun. Dókítà ló máa yàn wọ́n.

Ẹ̀yin tó wà nítòsí Ìbàdàn lè gbé ajá yín lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn. Ti FUNAAB sì wà ní Abẹ́òkúta.

Bí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀

A kò ní tan yín jẹ. Àìsàn yìí kì í lọ pátápátá. Ìtọ́jú ń fa ọjọ́ gùn ni, ó sì ń jẹ́ kí ọjọ́ tó kù dùn. Owó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, kò sì sí ohun ìtìjú níbẹ̀ bí ẹ bá sọ fún dókítà pé iye báyìí ni agbára yín gbé. Òun á mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe ṣáájú.

Bó bá di pé ajá náà kò jẹun mọ́, tí kò lè dìde mọ́, tí ìrora rẹ̀ kò dáwọ́ dúró, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa abẹ́rẹ́ tó máa fi sùn láìjẹ̀rora. Ìyẹn sàn ju kẹ́ ẹ lé e sójú títì lọ. Ẹ má sì tà á fún àwọn alájá pípa, nítorí oògùn tó ti gbà sára lè ṣe ẹni tó bá jẹ ẹran rẹ̀ ní jàǹbá.

Ní báyìí ná, ẹ wo abọ́ omi ajá yín lónìí. Bó bá ń gbẹ kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ má dúró dìgbà tó bá dùbúlẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e lọ fún àyẹ̀wò.