Bí Ọ̀kadà Bá Ń Sáré Lórí Ìdúró

Ṣé ẹ ti gbọ́ ọ̀kadà tó dúró sójú kan rí, tí kò sẹ́ni tó fún un níná, síbẹ̀ tó ń ké bí ẹni tó ń gun òkè? Bí ti bàámi ṣe ń ṣe nìyẹn nígbà ọyẹ́ tó kọjá. Lọ́jọ́ kan, bí wọ́n ṣe ki jíà bọ̀ ọ́ báyìí, ó fò síwájú. Díẹ̀ ló kù kí màámi, tó pọn àbúrò mi, já bọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, tí a sì jọ̀wọ́ ọwọ́ iná, ó yẹ kó rọlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀kadà kékeré máa ń yí tó bíi ìgbà 1,400 ní ìṣẹ́jú kan. Sìlóò ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é. Kàbúrétọ̀ ló ń po epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tó dà bí ilẹ̀kùn. Wáyà ọwọ́ iná ló ń fà á sókè. Súkúrù sìlóò ni kì í jẹ́ kó tì pa. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré, yálà ilẹ̀kùn yẹn kò padà délẹ̀, tàbí afẹ́fẹ́ ń gba ibòmíì wọlé.

Ẹni tí a kọ́kọ́ gbé e lọ bá, súkúrù yẹn nìkan ló tú. Ariwo lọ sílẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ nígbà tó dàárọ̀, kò fẹ́ sítáàtì mọ́, ó sì ń kú lọ́nà Òkèhò. Bó ṣe gbóná lọ́sàn-án, ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Bọ̀dá mẹkáníìkì kan ládùúgbò wa ló wá fi ètò rẹ̀ hàn mí:

1. Ṣóòkì tí a fà láàárọ̀ nítorí òtútù, ṣé a ti dá a padà?

2. Ẹ fi jíà sí fíríì, kí ẹ yí ìdarí sọ́tùn-ún, sósì. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá yí padà, wáyà ló le jù tàbí ó há síbì kan.

3. Ẹ pa á, kí ẹ yí ọwọ́ iná, kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí kò bá fúnra rẹ̀ padà kíá, eruku lè ti há a. Ẹ ṣáà mọ eruku ọ̀nà wa.

4. Ẹ tún un tàn, kí ẹ kán omi ọṣẹ sétí ibi tí kàbúrétọ̀ ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì. Bí ohùn bá yí, afẹ́fẹ́ ń wọlé níbẹ̀. Ẹ má fi epo bẹntiróòlù dán an wò o, iná lè sọ! Ìta gbangba sì ni kí ẹ ti ṣe é, torí èéfín rẹ̀ ń pààyàn nínú yàrá.

Ìkẹrin yẹn la bá tiwa. Rọ́bà roboto kékeré kan ló ti gbó, tó ti di pẹlẹbẹ. Ìdí nìyẹn tó fi ń kú láàárọ̀: afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù fún epo. Bó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì á gbóná jù, písítìnnì sì lè bàjẹ́. A pààrọ̀ rọ́bà náà, ẹ́ńjìnnì gbóná, ìgbà yẹn la tó wá fọwọ́ kan súkúrù.

Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí epo ti gbówó lórí, ta ló fẹ́ kí máṣíìnì máa jẹ epo lórí ìdúró? Ẹ wá ìdí kí ẹ tó tú súkúrù. Màámi ti ń gùn ún lọ sóko báyìí, ọkàn wọn sì balẹ̀.