Àgádágodo Inú Kánẹ́lì àti Káàdì Alájọ

Ẹni tí ó bá gba Ìdúmọ̀tà kọjá sí Ọjà Balógun ní Erékùṣù Èkó, tàbí tí ó yà sí àwọn ìsọ̀ Ìsàlẹ̀ Èkó, lè pàdé alájọ tí ń ti ọ̀dọ̀ oníṣòwò kan lọ sí ọ̀dọ̀ òmíràn. Olúkúlùkù oníbàárà rẹ̀ ni ó ní káàdì tirẹ̀. Bí ìyá aláṣọ bá dá àjọ òní, alájọ á fi àmì sí ojú ọjọ́ kan lórí káàdì náà. Ibi tí ó kù á ṣófo títí di ọ̀la. Kò sí ẹni tí yóò bá a wí pé ó ń fi páálí ṣòfò, nítorí gbogbo ènìyàn mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá kọ ìyá aláṣọ àti ìyá oníbàtà sórí káàdì kan ṣoṣo. Bí káàdì bá wà lọ́wọ́ ọ̀kan, èkejì kò ní rí i lò. Káàdì á wá máa sáré láàárín ìsọ̀ méjì, bẹ́ẹ̀ ni owó ọ̀kan kò kan èkejì rárá.

Irú ìṣòro yìí gan-an ni ó ń dojú kọ àwọn tí ń kọ kánẹ́lì kọ̀ǹpútà. Kánẹ́lì ni ètò ìpìlẹ̀ tí ń darí ẹ̀rọ: òun ni ó ń pín àkókò ọpọlọ ẹ̀rọ àti àyè inú àká ìrántí fún gbogbo ètò yòókù. Ọ̀kan nínú wọn ni Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ sí kọ ní ilẹ̀ Finland ní ọdún 1991. Òun ni ó wà nísàlẹ̀ gbogbo fóònù Android tí àwọn oníṣòwò Balógun fi ń wo owó tí ó wọlé fún wọn. Irú fóònù bẹ́ẹ̀ ní ju ọpọlọ kan lọ. Ọ̀pọ̀ ni ó ní mẹ́jọ. Bí ọpọlọ méjì bá sì ń tún ohun kan náà kọ lẹ́ẹ̀kan náà, ohun náà á dàrú. Àgbò méjì kì í mu omi nínú koto kan náà. Ìdí nìyí tí kánẹ́lì fi ní àgádágodo: àmì kékeré kan nínú àká ìrántí, tí ọpọlọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà kí ó tó fọwọ́ kan ohun tí àmì náà ń ṣọ́. Irú àgádágodo kan wà tí kì í jẹ́ kí ẹni tí ń dúró dè é sùn. Ńṣe ni ó ń yẹ̀ ẹ́ wò léraléra títí yóò fi ṣí.

Nígbà tí Linux bẹ̀rẹ̀ sí lo ọpọlọ púpọ̀ nínú ẹ̀dà 2.0 ní ọdún 1996, àgádágodo ńlá kan ṣoṣo ni ó ń ṣọ́ gbogbo kánẹ́lì. Ó fara jọ ọjà ìpín-ìdókòwò Èkó, èyí tí ilé rẹ̀ ń bẹ ní Òpópónà Customs ní Erékùṣù Èkó. Láti 1961 tí ọjà náà bẹ̀rẹ̀ káràkátà títí di 1999 tí kọ̀ǹpútà gba iṣẹ́ náà, ńṣe ni a ń pe orúkọ ilé-iṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan nínú gbọ̀ngàn, tí àwọn alágbàtà yóò sì máa dúró de ìpè. Díẹ̀díẹ̀ ni a fọ́ àgádágodo ńlá ti Linux sí wẹ́wẹ́, tí ó fi di 2011 tí a yọ ọ́ kúrò pátápátá. Ṣùgbọ́n nígbà tí àgádágodo kéékèèké bá pọ̀, tí wọ́n sì fara kan ara wọn, ìjà mìíràn lè bẹ̀rẹ̀.

Àká ìrántí jìnnà sí ọpọlọ. Ó lè gba 100 ìlù aago ẹ̀rọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ọpọlọ tó rí ohun tí ó wà níbẹ̀ gbà, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìlù 4 tàbí 5 péré ni ó ń gbà láti inú káàṣì, àpò kékeré tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó wà nínú káàṣì kì í sì í wọlé ní ẹyọ ẹyọ. Ìlà odidi ni a ń gbé: báìtì 64 lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ òde òní, àti 128 lórí àwọn mìíràn. Ọpọlọ púpọ̀ lè máa ka ìlà kan pọ̀, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo ni ó lè kọ nǹkan sí i. Kí ó sì tó kọ ọ́, ẹ̀dà ìlà náà tí ó wà lọ́wọ́ àwọn yòókù gbọ́dọ̀ di asán.

Àgádágodo kan sábà máa ń jẹ́ báìtì 4. Èyí ni pé 16 lè wà lórí ìlà kan. Bí ọpọlọ kìíní bá ń ti èyí àkọ́kọ́, tí ọpọlọ kejì sì ń ti èyí tí ó tẹ̀ lé e, ojú ni wọ́n fi yàtọ̀. Lójú ẹ̀rọ, ìlà kan náà ni àwọn méjèèjì ń jà sí. Ìlà náà á máa lọ, á máa bọ̀, gẹ́gẹ́ bí káàdì tí a kọ ìyá méjì sí. Ìpalára kejì tún wà. Bí ohun tí àgádágodo ń ṣọ́ bá wà lórí ìlà kan náà pẹ̀lú rẹ̀, àwọn tí ń dúró tí wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò á máa fa ìlà náà mọ́ ẹni tí ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Bí wọ́n ti ń kánjú tó ni wọ́n ń dá a dúró tó.

Oògùn rẹ̀ jẹ́ méjì. Èkíní ni pé kí àgádágodo bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà gan-an. Èkejì ni pé kí a fi àyè òfìfo sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ títí ìlà yóò fi parí. Àyè nìkan kò tó, nítorí ohun tí ó ṣáájú àgádágodo náà lè ṣì bá a gbé orí ìlà kan. Linux ní àṣẹ kan fún iṣẹ́ yìí, ____cacheline_aligned_in_smp, tí kì í ṣe nǹkan kan bí a bá ṣe kánẹ́lì náà fún ọpọlọ kan ṣoṣo. Àpẹẹrẹ tí ó lókìkí ni àgádágodo méjì tí ó wà lábẹ́ ohun tí Linux ń pè ní zone: ọ̀kan ń ṣọ́ àyè ìrántí tí ó ṣófo, èkejì sì ń ṣọ́ àkójọ àwọn ojú ìwé ìrántí tí a ń lò. Iṣẹ́ pọ̀ lórí àwọn méjèèjì tó bẹ́ẹ̀ tí a fi àyè ńlá là wọ́n láàárín, kí a tó gbé èkejì kúrò níbẹ̀ ní 2016.

Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ kọ́ ni àyè. Àgádágodo 1,000 tí ó fẹ́ báìtì 4,000 á gba 64,000 bí a bá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, káàṣì á sì kún fún òfìfo. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Èyí tí ẹnikẹ́ni kì í sábà jà sí, ó sàn kí ó bá ohun tí ó ń ṣọ́ gbé pọ̀, kí gbígbé ẹ̀ẹ̀kan lè mú méjèèjì wá. Bẹ́ẹ̀ sì ni, àyè kò lè wo àgádágodo tí gbogbo ọpọlọ ń fẹ́ ní tòótọ́ sàn. Pínpín iṣẹ́ náà ni ó lè ṣe é, tàbí títò ní ẹsẹẹsẹ. Láti 2015 ni Linux ti ní irú èyí tí olúkúlùkù tí ń dúró ń wo àyè tirẹ̀. Kí a wọ̀n kí a tó gé ni ọgbọ́n: irinṣẹ́ perf c2c, tí ó wọ inú Linux ní 2017, ń fi ìlà tí àwọn ọpọlọ ń jà sí hàn.

Ẹni tí ó ra ẹ̀rọ ọlọ́pọlọ mẹ́jọ ti san owó mẹ́jọ. Bí wọ́n bá ń jà sí ìlà kan, iná bátìrì ń jó, iṣẹ́ kò sì tẹ̀ síwájú. Alájọ ti mọ̀ pé àyè òfìfo orí káàdì kì í ṣe òfò. Òun ni ó ń jẹ́ kí ọjà máa lọ.