Eyín àkurákudà nínú ilẹ̀

Ẹ̀yin ará wa, bí ẹnì kan bá ń gbẹ́ ilẹ̀ tó wá rí eyín ẹja òkun níbẹ̀, kí ni yóò sọ?

Ní Hahotoé àti Kpogamé, ní gúúsù Tógò, wọ́n ń wa fọ́sífáàtì tí a fi ń ṣe ajílẹ̀. Eyín àkurákudà, ẹja ńlá tó ń bu ẹran jẹ, wà nínú ilẹ̀ náà. Ibẹ̀ kì í ṣe inú òkun mọ́. Ṣùgbọ́n ní ohun tó ju mílíọ̀nù 40 ọdún sẹ́yìn, òkun ló bo ibẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ eyín la sábà ń rí?

Àkurákudà kò ní egungun líle bí ti ewúrẹ́. Egungun rẹ̀ rọ̀ bí èyí tó wà nínú etí wa. Bó bá kú, egungun náà tètè ń jẹrà. Ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ le púpọ̀. Bí ọ̀kan bá yọ, òmíràn ti wà lẹ́yìn tí yóò bọ́ sí ipò rẹ̀. Àkurákudà kan lè yọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún eyín kó tó kú. Iyanrìn àti ẹrẹ̀ bò wọ́n, wọ́n sì dà bí òkúta.

Nígbà mìíràn, a máa ń rí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú. Ó rí roboto, ó sì jin lójú méjèèjì, bí àwo kékeré méjì tí a fi ìdí kan ara wọn.

Báwo la ṣe ń dá eyín náà mọ̀?

1. Ẹ wo ìdí rẹ̀. Eyín àkurákudà sábà máa ń rí pẹlẹbẹ, ìdí rẹ̀ sì fẹ̀. Eyín ọ̀nì rí ṣóńṣó bí ìwo, ihò sì wà ní ìdí rẹ̀.
2. Ẹ wo gígùn rẹ̀. Eyín tó gùn tó sì tín-ín-rín dára fún mímú ẹja. Èyí tó fẹ̀ dára fún gígé ẹran.
3. Ẹ wo etí rẹ̀. Òmíràn ń dán, òmíràn rí wẹ́wẹ́ bí ẹnu ayùn.
4. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn kan ní ṣóńṣó kékeré lọ́tùn-ún àti lósì.

Ẹ má kánjú o! Eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ lè yàtọ̀ lẹ́nu ẹja kan náà.

Iṣẹ́ ta ni èyí?

Ní ọdún 1988, Henri Cappetta àti Michel Traverse kọ ìwé lórí àwọn eyín tí a rí ní Kpogamé àti Hahotoé. Irú eyín bẹ́ẹ̀ ń ran àwọn ọ̀mọ̀wé lọ́wọ́ láti mọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ti pẹ́ tó. Ṣùgbọ́n bí a bá da eyín oríṣiríṣi pọ̀ sínú àpò kan, tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá, ìdajì ọ̀rọ̀ wọn ti sọnù. Kò sẹ́ni tó lè dá a padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé lè ṣe iṣẹ́ yìí. Bí ẹ bá rí irú eyín bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe fọ́ ọ, ẹ má sì ṣe tà á. Ẹ kọ orúkọ abúlé, ọjọ́, bí kòtò náà ti jìn tó, àti àwọ̀ ilẹ̀ ibẹ̀ sórí ìwé. Ẹ di ìwé náà mọ́ eyín, kí ẹ sì fi han olùkọ́ yín.

Ìbéèrè

1. Kí ló dé tí egungun àkurákudà kì í pẹ́ nínú ilẹ̀?
2. Báwo ni eyín rẹ̀ ṣe yàtọ̀ sí ti ọ̀nì?
3. Kí ni ẹ ó kọ sórí ìwé bí ẹ bá rí ọ̀kan?