Kọ̀ǹpútà tí Ń Kú tí Ń Jí Fúnra Rẹ̀

Bí kọ̀ǹpútà tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ tò nílé ní Odò-Ẹrẹ̀ bá ń kú, tí ó sì ń tàn padà láìsí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án, iná ìjọba ni a kọ́kọ́ máa ń dá lẹ́bi. Ẹ̀sùn náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: bí iná bá já ju nǹkan bí ìdá kan nínú àádọ́ta ìṣẹ́jú-àáyá lọ, ẹ̀rọ lè kú. Ṣùgbọ́n bí a bá so ó mọ́ UPS tí bátìrì rẹ̀ pé, tí ó ṣì ń kú, inú ẹ̀rọ gan-an ni àrùn wà.

Bí ó bá jẹ́ ìdí iṣẹ́ líle nìkan ni ó ti ń kú, kí a kọ́kọ́ gbọn eruku ọyẹ́ kúrò lára fáànù. Lẹ́yìn náà, kí a fi mítà wọn wáyà aláwọ̀ ìyeyè tí ó ti inú power pack wá, nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́: fóòtì 12 ni ó yẹ kí ó gbé, bí ó bá lọ sílẹ̀ ju 11.4 lọ, power pack ti rẹ̀ nìyẹn. Bí ó bá ń kú nígbàkúùgbà, àní nígbà tí kò ṣe nǹkan kan, RAM ni kí a fura sí. Kí a fi ẹyọ kan ṣoṣo sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí Memtest86 yẹ̀ ẹ́ wò mọ́jú, bí iná bá gbà bẹ́ẹ̀. Wàhálà yìí sàn ju kí a rìn dé Ìkẹjà lọ ra ohun tí kò bàjẹ́.

Power pack fúnra rẹ̀ kò ṣeé tú nílé. Iná ṣì lè wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ ọ́ lára ògiri.