Abẹ́ Òkúta Ni, Kì í Ṣe Orí Òkúta

Olóòtú ní kí n wá sọ ìdí rẹ̀ tí èmi, akọ̀wé rélùwéè, fi ń gbé kámẹ́rà kiri nígbà tí òjò bá ṣú, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń sáré wọlé. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ẹ má wá gbólóhùn ńlá lọ́wọ́ mi.

Iṣẹ́ ló gbé mi débí lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú irin Àbújá sí Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí gbérò ní 2016. Ìyá mi wà ní Abẹ́òkúta, inú wọn kò sì dùn sí i. Lójú tiwọn, ibi tí mo lọ kò yàtọ̀ sí ẹ̀yìn ayé. Mo wá rò ó pé bí n kò bá lè gbé ìyá mi wá wo ilẹ̀ yìí, n ó gbé ilẹ̀ yìí lọ bá wọn. Mo ra kámẹ́rà àlòkù kan.

Àpáta Zúmà ni mo kọ́kọ́ lọ yà, lẹ́bàá Madalla ní ìpínlẹ̀ Niger, ní ojú títì Kàdúná. Ẹ ti rí i rí: òun ló wà lẹ́yìn owó 100 náírà tí a gbé jáde ní 1999, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà níwájú rẹ̀. Oṣù Kejìlá ni mo lọ, ọyẹ́ sì bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọkùnrin Gbàgyí kan tí mo bá níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní kí n padà wá lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀. Onílẹ̀ ló mọ ilẹ̀. Nígbà tí mo padà lọ ní Oṣù Kẹrin, òjò ti fọ eruku kúrò lójú ọ̀run, àpáta náà sì yọ gbàgàdà. Ìyá mi rí fọ́tò náà, wọ́n ní, “Ṣé ibi tí o ń gbé nìyí? Ó mà jọ Olúmọ o!” Wọ́n gbé e kọ́ sí pálọ̀.

Láti orí àpáta ni mo ti bọ́ sórí ìjì. Níbí, ìlà-oòrùn ni ìjì ńlá sábà máa ń gbà wọlé. Ìkùukùu dúdú á na gbọọrọ, eruku pupa á dìde, ẹ̀fúùfù á kọ́kọ́ jà, òjò á tẹ̀ lé e. Atẹ́gùn tútù tí òjò ń tì wálẹ̀ láti inú ìkùukùu ló ń sáré ṣíwájú. Àwọn àgbà wa ní Ọya ló ń ṣáájú ọkọ rẹ̀. Ojú wọn ló rí i.

Mànàmáná ló ṣòro jù. Kí ọwọ́ tó tẹ kámẹ́rà, ó ti lọ. Ohun tí mo kọ́ ni pé, lóru, kí a gbé kámẹ́rà lé ẹsẹ̀ mẹ́ta, kí a ṣí ojú rẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 tàbí 15, kí mànàmáná wá ya ara rẹ̀. Ẹni tí ó ní fóònù nìkan lè ya fídíò, kí ó sì mú àwòrán kan nínú rẹ̀. Nígbà tí William Jennings ya mànàmáná ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà ní 1882, àwọn ènìyàn rí i pé kò ní igun ṣóńṣó bí àwọn akunlé ti ń kùn ún. Ó pẹ̀ka bí gbòǹgbò igi.

Ìfẹ́ fọ́tò yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo dúró lórí àpáta kan lẹ́yìn Kubwa, mo ń dúró de ìjì. Àrá sán lu igi máńgòrò kan nísàlẹ̀, kò tó ogójì ìṣísẹ̀ sí mi, igi náà là sí méjì. Mo dojú bolẹ̀, gíláàsì kámẹ́rà fọ́. N kò rí fọ́tò kankan yà. Ìyàwó mi wo aṣọ mi tí ó kún fún ẹrẹ̀, ó ní, “Bàbá Ìbejì, ṣé fọ́tò ni ẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ yín fi máa rántí yín?” N kò rí èsì fọ̀.

Ìyá mi gbọ́, wọ́n pè mí. Wọ́n ní, “Nígbà tí ogun lé àwọn bàbá wa dé ìdí Olúmọ ní 1830, ta ló gun orí rẹ̀ kó máa wòran ogun? Abẹ́ òkúta ni a ń jẹ́, a kì í jẹ́ orí òkúta.”

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka iye ìṣẹ́jú-àáyá tó wà láàárín mànàmáná àti àrá. Mẹ́ta jẹ́ kìlómítà kan. Bí kò bá ti pé 30, ilé yá; abẹ́ igi kì í ṣe ibi ìsádi. N kì í sì í jáde àfi bí ìṣẹ́jú 30 bá kọjá lẹ́yìn àrá ìkẹyìn. Inú yàrá, lẹ́yìn fèrèsé tí a tì, ni mo ti ń ya ìjì báyìí.

Ẹ̀yin ará, ẹ ya ilẹ̀ tí à ń gbé. Ìlú yìí ń gbòòrò, a sì ń fọ́ òkè fún òkúta ìkọ́lé. Òkè tí ọmọ yín ń rí lónìí lè má sí lọ́la. Ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti yà á sí ẹ̀yìn fọ́tò, kí ẹ sì fi ọ̀kan ránṣẹ́ sílé. Àjò kò dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n ó yẹ kí àwọn ará ilé mọ ibi tí àjò náà wà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Akọ̀wé Rélùwéè, Kubwa.